HOPE Scholarship ti Georgia: owó gidi ni, àmọ́ ẹ tètè wo GPA ọmọ yín

Ẹ̀yin òbí tọ́mọ yín wà ní high school ní Georgia níbí, ẹ gbọ́ o. Mo fún HOPE Scholarship, owó tí ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà fi ń ran ọmọ tó mọ̀wé lọ́wọ́ ní yunifásítì, ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún, tọkàntọkàn ni mo sì fi fún un, torí mo mọ ọmọ tó fi parí yunifásítì láìjẹ kọ́bọ̀, nílùú táwọn èèyàn ti ń san gbèsè sukúù títí wọ́n á fi hewú.

Kì í ṣe owó yíyá, kò sẹ́ni tó máa ní kẹ́ ẹ dá a padà. Gómìnà Zell Miller ló gbé e kalẹ̀ ní 1993, inú owó lọ́tìrì ìpínlẹ̀ ni wọ́n sì ti ń san án títí dòní. Nígbà yẹn wọ́n ṣì máa ń wo iye tó ń wọlé fún òbí, tó bá ti ju $66,000 lọ́dún ọmọ ò ní rí i gbà, àmọ́ nígbà tó fi máa di 1995 wọ́n ti pa òfin yẹn rẹ́ pátápátá, ní báyìí ẹ̀ báà lówó bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ìwé tọ́mọ yín mọ̀ ni wọ́n máa wò. Ní 2011 owó lọ́tìrì ò fẹ́ ká a mọ́ ni wọ́n bá gé e, ọdún 2023 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a padà tó fi ń san gbogbo owó tuition, ìyẹn owó ẹ̀kọ́, ní yunifásítì ìjọba.

Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an rèé. GPA, ìyẹn ìpíndọ́gba máàkì ọmọ nínú 4.0, gbọ́dọ̀ tó 3.0, àmọ́ kì í ṣe GPA tó wà lórí èsì tọ́mọ yín ń mú wálé o! Georgia Student Finance Commission, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó owó yìí, ló ń ṣírò tiwọn. English, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, social studies àti èdè òkèèrè nìkan ni wọ́n ń kà, A tọ́mọ gbà nínú band tàbí PE ò kàn wọ́n rárá. Máàkì tí sukúù bá fi kún honors, ìyẹn kọ́ọ̀sì tó le ju ti gbogbo èèyàn lọ, wọ́n á yọ ọ́ kúrò, AP àti IB (kọ́ọ̀sì high school tó le bíi ti yunifásítì) àti dual enrollment (kọ́ọ̀sì yunifásítì tọ́mọ ń ṣe láti high school) nìkan ni wọ́n ń fi 0.5 kún. Tọ́mọ bá féèlì kọ́ọ̀sì tó wá tún un ṣe tó gba A, méjèèjì ni wọ́n máa kà. 2.99 ò sì lè di 3.0 láé, ẹ bẹ̀ wọ́n títí.

Mo wà níbẹ̀ nígbà tọ́mọ ẹ̀gbọ́n mi kan ṣí akáǹtì ẹ̀ lórí GAfutures, ìkànnì àjọ yẹn. Èsì sukúù ẹ̀ ní 3.5, inú ẹ̀ ń dùn, àfi bó ṣe rí 2.94 lójú kọ̀ǹpútà, ó tún ojú ìwé yẹn ṣí, 2.94 náà ló ṣì ń gbé jáde. Honors ló kún inú tiẹ̀, tí wọ́n sì ti yọ àlékún ẹ̀ dànù, ìṣirò tó bà jẹ́ ní kíláàsì 9 wá hàn kedere. Kíláàsì 12 ló ti wà nígbà yẹn! Inú bí mi gan-an, torí ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ ni, ká ní ẹnì kan ní sukúù ẹ̀ fi han án ní kíláàsì 10 ni, ì bá ti tún un ṣe. Ọ̀fẹ́ ni akáǹtì yẹn, ẹ bá ọmọ yín ṣí i láti kíláàsì 9, kẹ́ ẹ sì máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ tún wo àwọn kọ́ọ̀sì tó le tí wọ́n ń pè ní rigor, mẹ́rin gbọ́dọ̀ pé.

Zell Miller Scholarship ni ti àwọn orí pípé, GPA 3.7 pẹ̀lú 1200 nínú ìdánwò SAT tàbí 25 nínú ìdánwò ACT ní ìjókòó kan ṣoṣo. Ó dáa, àmọ́ látìgbà tí HOPE náà ti ń san tuition pé ní yunifásítì ìjọba, mi ò rí ìdí tí òbí á fi máa fi ìyẹn da ọmọ láàmú.

Ẹ jọ̀ọ́, rírí i gbà rọrùn ju dídì í mú lọ. Tó bá dé yunifásítì, wọ́n á yẹ GPA ẹ̀ wò tó bá ti ṣe kọ́ọ̀sì tó tó 30, 60 àti 90 credit hours (hours ni yunifásítì fi ń ka bí kọ́ọ̀sì ṣe tó), àti nígbàkigbà tí spring bá parí, tó bá ti lọ sílẹ̀ ju 3.0 owó dúró nìyẹn, ẹ̀ẹ̀kan péré ló sì lè gbà á padà. Kọ́ọ̀sì tó bá sá kúrò nínú ẹ̀ láàárín sáà wà nínú hours tí wọ́n ń kà, gbogbo ẹ̀ ò sì gbọ́dọ̀ ju 127 lọ.

Ìràwọ̀ kan tí mo yọ ńkọ́? Kò san fees, ìyẹn àwọn owó míì tí sukúù ń gbà yàtọ̀ sí tuition, kò san owó ilé, kò san owó oúnjẹ, ibẹ̀ sì ni owó tó ń pa àwọn tí ò lówó wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé náà, ọmọ tí kì í bá ṣe ará Georgia nígbà tó parí high school, oṣù 24 ló máa fi gbébẹ̀ kó tó lè fọwọ́ kàn án, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ onílùú, tàbí kó ní green card tàbí ìwé míì tí ìjọba àpapọ̀ gbà, bíi ti refugee. Ọmọ tí ò bá sì rí 3.0 yẹn mú, ẹ béèrè HOPE Grant ní technical college, wọn ò béèrè GPA high school níbẹ̀.