Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ń ta ìràwọ̀ Bọ́mà ní Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin tí a jọ ń kó mẹ́dà àti owó àtijọ́ jọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni ní Abẹ́òkúta. Ọkùnrin kan ń ta ìràwọ̀ Bọ́mà, mẹ́dà oníràwọ̀ tí Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn bàbá wa tó lọ jagun ní Bọ́mà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Mo ra ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀. ₦85,000 ni mo san, ayédèrú ló sì gbé fún mi.

Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ níbí, nítorí ọ̀rọ̀ náà ti wà lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Bó ṣe ń ṣe é ni kí ẹ mọ̀. Orí Facebook ló ti ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà á ní kí ẹ bọ́ sí WhatsApp. Àwòrán tó ń fi hàn dára gan-an, torí pé àwòrán ojúlówó ni. Ẹ ní kó ya ẹ̀yìn rẹ̀ àti etí rẹ̀ fún yín, á ní kámẹ́rà fóònù òun ti bàjẹ́. Ẹ ní kí ẹ pàdé ní Kútọ̀ tàbí Pánṣẹ́kẹ́ kí ẹ fọwọ́ kàn án, á ní òun ti wà lójú ọ̀nà Èkó, kí ẹ sanwó, òun á ní kí wọ́n gbé e fún yín ní gáréèjì.

Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n sanwó ṣáájú. Orúkọ tó ní ó wà lẹ́yìn ìràwọ̀ náà ló mú mi. Orúkọ ọmọ Ẹ̀gbá ni, ó ní wọ́n fín in sára irin náà kedere, pé Lọ́ńdọ́nù ló fín in, pé ìdí nìyẹn tó fi wọ́n. Bàbá tó bí bàbá mi lọ Bọ́mà. Ìràwọ̀ tirẹ̀ wà nílé wa ní Ìtókò, kò sí orúkọ kankan lẹ́yìn rẹ̀. Mo rò pé bóyá wọ́n gbàgbé ti bàbá wa ni.

Wọn ò gbàgbé. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kì í kọ orúkọ sára ìràwọ̀ Ogun Àgbáyé Kejì. Àwọn ọmọ ogun Íńdíà, South Africa àti Ọsirélíà ni wọ́n kọ orúkọ sí ara tiwọn. Ti àwọn tó lọ pẹ̀lú díífíṣọ̀n 81 àti 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, gbalasa ni ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń wà. Ìdílé lè gbé e lọ bá alágbẹ̀dẹ góòlù kó bá wọn fín orúkọ bàbá wọn sí i, ìyẹn kò burú. Ẹni tó bá ní Lọ́ńdọ́nù ló fín in ń purọ́ fún yín ni. (Mẹ́dà fàdákà ti Ogun Àgbáyé Kìíní ni ẹ ó ti bá orúkọ ológun ní etí rẹ̀. Ẹ má da méjèèjì pọ̀.)

Nígbà tí tèmi dé, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti bàbá wa. Ojúlówó ní ṣóńṣó mẹ́fà, adé ọba àti lẹ́tà Ọba George Kẹfà wà láàárín rẹ̀, ọ̀rọ̀ THE BURMA STAR sì yí i ká. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, gbogbo lẹ́tà rẹ̀ ló mú. Ti ọwọ́ mi, lẹ́tà rẹ̀ wú bíi ti ọṣẹ tí wọ́n ti fi wẹ̀. Àwọn ihò wẹ́wẹ́ bí ojú abẹ́rẹ́ wà lára rẹ̀, ayùn sì ti rá etí rẹ̀. Ó tún kéré ju ti bàbá wa lọ díẹ̀. Irin tí a dà máa ń sún kì bó bá tutù, nítorí náà ara ojúlówó kan ló ti ya ẹ̀dà rẹ̀. Òòfà kò lè ràn yín lọ́wọ́ níbí: idẹ ni ojúlówó, idẹ náà ni ayédèrú, òòfà kò ní fa èyíkéyìí. Kí ríbọ́ọ̀nù náà má sì tàn yín jẹ. Pupa láàárín, búlúù tó dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ìlà aláwọ̀ ọsàn lára búlúù: bó ṣe yẹ kó rí gan-an nìyẹn, ṣùgbọ́n ríbọ́ọ̀nù tuntun wà lọ́jà, ẹnikẹ́ni ló lè rà á.

Àpá kékeré kan wà lára ti ọwọ́ mi, ní ṣóńṣó apá òsì tó sún mọ́ ìsàlẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìbàdàn náà ti rà lọ́wọ́ ọkùnrin yìí. Mo ní kó ya tirẹ̀ wá. Àpá yẹn wà níbẹ̀, ojú kan náà, gígùn kan náà. Ìràwọ̀ méjì kò lè ṣubú kí wọ́n fi ibì kan náà gbọgbẹ́.

Ibi tó dùn mí jù ni mò ń bọ̀ yìí. Màmá àgbàlagbà kan wà ládùúgbò wa, opó ológun Bọ́mà. Mo lọ kí wọn, mo sì ní kí wọ́n jẹ́ kí n rí ìràwọ̀ bàbá. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ẹnìkan bá mi gbé e lọ fọ̀ lọ́dún tó kọjá, ọ̀sẹ̀ kan péré ló lò. Wò ó bó ṣe ń dán.” Ó ń dán lóòótọ́. Lẹ́tà rẹ̀ wú, àpá náà sì wà ní ṣóńṣó apá òsì. Ẹ̀dà ló dá padà fún wọn, ara ojúlówó wọn ló sì ti ya tiwa náà. Mi ò lè sọ ọ́ lójú wọn lọ́jọ́ yẹn, ọmọ wọn ni mo pè.

Ọkùnrin yìí tún ń ta mẹ́dà kan tó ní wọ́n fún àwọn ìjòyè Ẹ̀gbá ní 1914, nígbà tí Lugard so Àríwá àti Gúúsù pọ̀. Idì àti ẹṣin funfun méjì ló wà lójú rẹ̀. Àmì òmìnira 1960 nìyẹn! Ìràwọ̀ oníṣóńṣó mẹ́fà ni Nàìjíríà ń lò láyé àwọn òyìnbó, irú èyí tó wà lára anini àti kọ́bọ̀ onihò. Bó bá sì fi mẹ́dà ìwúyè Ọba Edward Kẹjọ lọ̀ yín, tó ní ó ṣọ̀wọ́n torí pé wọn kò dé ọba náà ládé rí, ẹ rántí pé wọ́n ti rọ ọ́ lọ jàra kó tó fi orí oyè sílẹ̀ ní December 1936. Kò ṣọ̀wọ́n rárá.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ bá àwọn òbí yín fọ mẹ́dà, ẹ má gbé e fún un. Mẹ́dà kò nílò fífọ̀. Ẹ ya ojú, ẹ̀yìn àti etí rẹ̀ sílẹ̀ lónìí, kí ẹ ní ẹ̀rí lọ́wọ́.

Ojúlówó ti Màmá ṣì wà lọ́wọ́ ẹnìkan níbì kan. Bí ẹ bá rí ìràwọ̀ Bọ́mà tí lẹ́tà rẹ̀ mú, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo, tí àpá sì wà ní ṣóńṣó apá òsì tó sún mọ́ ìsàlẹ̀, ẹ má bá ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ jà, bóyá owó gidi lòun náà fi rà á. Ẹ kọ̀wé sí mi. Ọmọ Màmá àti èmi ti ṣe tán láti rà á padà.