Ilé mọ́ tán, ṣùgbọ́n igi ìhunṣọ Màmá ti wọ abẹ́ àgbàdà

Ẹ jẹ́ kí n ti orí igi bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ṣì ń ká mi lára. Bí àwọn apalẹ̀mọ́ tí mo pè ṣe fọ ilé mọ́ tó, mo ń bọ̀ wá síbẹ̀, ẹ ṣe sùúrù.

Igi pẹlẹbẹ ni. Ó gùn tó apá àgbàlagbà, etí rẹ̀ kan tín-ín-rín, ọwọ́ sì ti dán an títí tó fi ń kọ mọ̀nà. Ẹni tó bá dàgbà ní ilẹ̀ Okun, lọ́dọ̀ àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogi, á ti rí i lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ń hun kíjìpá lórí òfì tí wọ́n dá ró mọ́ ògiri: wọ́n á tì í bọ àárín òwú, wọ́n á fi gbá a wálẹ̀ kí aṣọ lè dì mọ́ra. Méjì ni Màmá mi ní. Ọ̀kan jẹ́ ti ìyá tirẹ̀ láti Bùnú, níbi tí àwọn obìnrin ti ń hun aṣọ ipò, aṣọ pupa tí wọ́n fi ń sin àwọn èèyàn ńlá. Màmá kò hunṣọ mọ́, ojú rẹ̀ kò gbé e mọ́. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ta ló ní ká kó igi rẹ̀ dànù?

Ọ̀gá àwọn apalẹ̀mọ́ tí mo fi owó mi pè láti Lọ́kọ́ja ni. Ó kó igi méjèèjì pọ̀ mọ́ àwọn ọ̀pá òfì yòókù, ó fi okùn dì wọ́n, ó gbé wọn fún ìyá alákàrà tó ń dín àkàrà níwájú ilé wa. Lọ́fẹ̀ẹ́ o! Mo wà ní yàrá, mo ń tú àpótí aṣọ, mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lójú wíńdò pé, "Mọ́mì, ẹ máa fi dáná, igi gbígbẹ ni." Mo rò pé páńkẹ́rẹ́ àga tó ti bàjẹ́ ló ń fún un. Inú mi tiẹ̀ dùn pé ọmọ náà láàánú.

Ẹ wo ohun tí mo kọ ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp kí wọ́n tó gbéra rárá: ẹ má ṣe kó ohunkóhun jáde nínú ilé láìbi mí, ìbáà jẹ́ àkísà. Ó fi àtàǹpàkò dá mi lóhùn. Àtàǹpàkò yẹn ṣì wà lórí fóònù mi. Mo fi hàn án lójú ara rẹ̀.

Màmá ló kọ́kọ́ mọ̀. Ó jáde wá láti wo bí sítọ́ọ̀ ṣe rí, ó fọwọ́ kan ògiri ibi tí òfì máa ń wà, ó ní, "Igi mi dà?" Kò pariwo. Mo bi àwọn ọmọ iṣẹ́. Wọ́n ń wo ara wọn. Mo bi ọ̀gá.

"Àwọn igi kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mà. A ti kó wọn jáde."

"Ta lo bi?"

"Igi lásán ni, mà. Ikán ti ń jẹ ẹ́."

"Ikán dà?"

Ó ní òun rí ihò lára rẹ̀. Ihò! Ihò tí wọ́n fi irin gbígbóná lu ní ìdí rẹ̀ kí wọ́n lè fi okùn gbé e kọ́ ni ọmọ yìí pè ní ikán. Mo ṣàlàyé fún un. Ó ní kí n má bínú, pé àwọn oníbàárà àwọn ní Lọ́kọ́ja kì í béèrè igi. Ohun tó wá bí mi nínú jù nìyẹn, ju igi fúnra rẹ̀ lọ, pé ó ń tọrọ àforíjì ó sì tún ń fi mí wé àwọn oníbàárà tó mọ̀wà hù.

Mo ní kó lọ gbà á wá. Ó fẹ́ rán ọmọkùnrin kan. Mo ní rárá, ìwọ lo fún un, ìwọ ni kó o lọ. Mo tẹ̀ lé e. Ìyá alákàrà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́, epo ti ń hó. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, èmi ò mọ̀ o, ó ní kí n fi dáná ni." Obìnrin náà kò jẹ̀bi, ó tiẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa igi jáde lábẹ́ àgbàdà. Ti ìyá-ìyá mi ló bọ́, ó ṣì wà nínú ìdì, iná kò tíì kàn án. Ti Màmá fúnra rẹ̀ ti jó ní orí, ó tó ìwọ̀n ìka mẹ́ta. Àwọn ọ̀pá gígùn yẹn ti di eérú.

Ọ̀gá ní òun á bá wa wá gbẹ́nàgbẹ́nà tó máa fá ibi tó jó kúrò. Màmá kò dá a lóhùn. Ó gba igi lọ́wọ́ rẹ̀, ó wọlé.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà burú sí i létí mi ni pé ọ̀gá yìí ló kọ́kọ́ dárúkọ Marie Kondo fún mi lórí fóònù. Ó ní ọ̀nà obìnrin ará Japan yẹn, tó ń kọ́ni bí a ṣe ń palẹ̀ ilé mọ́, làwọn ń tẹ̀lé. Ó dáa. Èmi náà ti wo fídíò rẹ̀. Aṣọ lobìnrin yẹn máa ń fi bẹ̀rẹ̀, ìwé kíkà á tẹ̀ lé e, ìwé ìsanwó àti irú wọn, jágbajàgba ilé, kó tó wá kan ohun ìrántí. Ó ní ìdí tí ohun ìrántí fi ń gbẹ̀yìn: òun ló ṣòro jù láti pinnu lé lórí, kó sì tó kàn án, onílé á ti mọ bí a ṣe ń ṣa nǹkan. Onílé fúnra rẹ̀ ló sì ń gbé nǹkan dání, tó ń wò ó bóyá inú òun dùn sí i. Kò sọ pé kí ọ̀gá kan láti Lọ́kọ́ja bá a gbé e dání. Ibo lọ̀gá wa wá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́? Sítọ́ọ̀! Ibi tí gbogbo ohun ìrántí ilé kó ara wọn jọ sí.

Ẹni tó bá ń gbé lójú títì Kàbà mọ ìdí tí mo fi pè wọ́n. Láti oṣù Kọkànlá títí wọ oṣù Kejì, ọyẹ́ ń kó eruku aṣálẹ̀ wá bò wá, àwọn ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì tó ń ti Obajana bọ̀ ń fi tiwọn kún un. Bí òjò àkọ́kọ́ bá wá rọ̀, gbogbo rẹ̀ á di ẹrẹ̀ lára nẹ́ẹ̀tì wíńdò. Àwọn ọmọ ń bọ̀ nílé fún Àjíǹde, ọwọ́ mi nìkan kò ká a. Kò sí ju ìyẹn lọ.

Ó yẹ kí n sọ ti ọmọbìnrin kan báyìí, kí inú mi lè rọ̀.

Àwọn mẹ́rin ló wá, ọ̀gá ló ṣe ìkarùn-ún. Ọmọbìnrin yìí ló kéré jù, ó wé híjáàbù aláwọ̀ búlúù, ó sì ń bi èèyàn léèrè títí ó fi ń sú èèyàn. "Màmá, èyí ńkọ́? Ṣé ẹ ṣì ń lò ó? Nígbà wo lẹ lò ó kẹ́yìn?" Láàárọ̀, mo fẹ́ ní kó dákẹ́. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, mo ti mọ̀ pé òun nìkan ló mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe.

Ti ìwé ni mo fi mọ̀. Ọmọkùnrin kan ń ṣa àpótí ìwé Bàbá mi, olóògbé. Ó kó gbogbo èyí tó ní orúkọ Kwara lórí sí ọ̀dọ̀ ìdọ̀tí, torí Kogi làwa wà. Ọgbọ́n orí rẹ̀ nìyẹn. Ọmọbìnrin yìí kọjá, ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ọ̀kan, ó kà á, ó gbé e tọ̀ mí wá: "Mọ́mì, Kwara ni wọ́n kọ sí i, àmọ́ orúkọ Bàbá ló wà níbẹ̀. Ṣé ti yín ni?" Ti wa ni o, ọmọ mi. Ìwé ẹ̀rí olùkọ́ Bàbá ní Northern Region lórí. Ìwé ìgbéga rẹ̀ ní Kwara, ìpínlẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967. Ìwé ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ní Kogi, torí 27 oṣù Kẹjọ 1991 ni wọ́n gé wa kúrò lára Kwara. Bàbá kò sì kó kúrò ní Kàbà rárá, ìjọba ló ń pààrọ̀ orúkọ lé e lórí. A ṣì ń lé owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ tó kù. Ká ní ìwé ìgbéga yẹn bá ìdọ̀tí lọ, kí la fẹ́ kó sílẹ̀ níwájú àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò?

Ó jókòó tì mí, ó pín àwọn ìwé náà sí fáìlì mẹ́ta bí ọdún wọn ṣe tẹ̀ léra, ó kọ ọ́ sára wọn gàdàgbà.

Ó wá wọ ilé ìdáná. Gbogbo ilé tó ní màmá àgbà ló ní ìṣòro yìí: abọ́ ike ìnáwó. Ìsìnkú, ìgbéyàwó, ìwúyè, ìkómọ, àwòrán ojú èèyàn wà lára gbogbo rẹ̀. Àwọn mìíràn ti kú. Ta ló fẹ́ ju ojú òkú sínú ààtàn? Ọdún mélòó ni mo ti ń bá Màmá jà lórí wọn. Ọmọbìnrin yìí kò bá a jà. Ó tẹ́ ẹní, ó to abọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ń bi í pé, "Màmá, ta nìyí?" Màmá ń dárúkọ, ó ń sọ ìtàn: èyí jẹ wá lówó, èyí ló bá wa gbẹ́ kànga, èyí ni kò kí mi títí ó fi kú. Nígbà tó yá, ó dé orí ọ̀kan, Màmá wò ó, kò mọ̀ ọ́n. Ọmọ náà ní, "Ẹni tí a ò mọ̀, ṣé ká jẹ́ kó máa lọ?" Màmá bú sẹ́rìn-ín. "Kó máa lọ, kó kí wọn nílé!" Báyìí ni gbogbo ẹni tí Màmá kò mọ̀ ṣe jáde nínú ilé wa, tẹ̀rín-tẹ̀rín. Àpò Gáná-Mọ́s-Gó mẹ́ta ló kún. Èmi tí mo bí ọmọ, tí mo kàwé, n kò rí i ṣe.

Òun náà ló dá ọmọkùnrin kan dúró nígbà tó fẹ́ da hípò mọ́ ọṣẹ ilé ìyàgbẹ́ tó ní ásíìdì nínú. Ó gba ike lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní afẹ́fẹ́ olóró ló ń jáde tí wọ́n bá pàdé. Òótọ́ ni, gáàsì klorín ló ń jáde, ó sì lè fún èèyàn lọ́fun nínú ilé ìyàgbẹ́ tí kò ní wíńdò gidi. Ọ̀gá wà níbẹ̀, ó ń tẹ fóònù.

Ní ti mímọ́: lúfà mọ́, wọ́n yọ ọ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n fọ̀ ọ́ nínú omi ọṣẹ, wọ́n tò ó padà, ọ̀kan péré ló fọ́. Fáànù mọ́. Ẹ̀yìn fìríìjì, tí n kò fẹ́ sọ ohun tí wọ́n bá níbẹ̀, mọ́. Wọ́n fi káńfọ̀ sí àpótí aṣọ. Ẹ lè jẹun nílẹ̀ sítọ́ọ̀ wa.

Owó wá ńkọ́? ₦70,000 la jọ sọ. Nígbà tí iṣẹ́ parí, ọ̀gá ní ₦10,000 tún wà fún ìdọ̀tí tí àwọn máa bá wa kó lọ. Mo wo ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì wọn. Ìdọ̀tí wo? Irin ni! Bẹ́ẹ̀dì onírin tó ti ṣẹ́, jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ti kú, páànù òrùlé. Gbogbo wa la mọ̀ pé àwọn tó ń ra irin àlòkù á san owó lé e lórí. Kí n tún wá sanwó fún ẹni tó fẹ́ lọ ta irin mi? A fa ọ̀rọ̀ náà títí ilẹ̀ fi ṣú. Ní ìparí, n kò san ₦10,000, mo sì yọ ₦5,000 kúrò nínú owó iṣẹ́ nítorí igi. Ó ní òun gbà nítorí Màmá. Mo fún ọmọbìnrin yẹn ní ₦3,000 lọ́tọ̀, lẹ́yìn ilé, kí ọ̀gá má bàa rí i.

Màmá náà fún un ní nǹkan. Ó gé kíjìpá kan láàárín, ó fún un ní ìlàjì. Aṣọ tí kò jẹ́ kí èmi fọwọ́ kàn o. Mo dúró tì wọ́n, mo ń wò.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí tí wọ́n ti lọ. Sítọ́ọ̀ ṣì wà bí wọ́n ṣe tò ó. Eku kò padà. Àrọ tí a fi ń rọ epo ni n kò rí títí di òní, mo sì fura pé ó ti dé Lọ́kọ́ja. Àwọn ọmọ dé ní Àjíǹde, wọ́n ní ṣé ilé wa nìyí. Igi tó jó lórí, Màmá ń fi lé ewúrẹ́ aládùúgbò.

Bí ẹ bá fẹ́ pè wọ́n, ẹ bi mí léti, mi ò ní kọ orúkọ wọn síbí. Ẹ tìlẹ̀kùn sítọ́ọ̀, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ yín. Ẹ jọ sọ owó ìdọ̀tí kí wọ́n tó bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Ẹ ní dandan, ọmọbìnrin oníhíjáàbù búlúù ni ẹ fẹ́.

Máàkì: mẹ́rin nínú márùn-ún. Àbúrò mi ní mo ya wèrè, pé lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo kọ yìí, méjì ni. Wọ́n ti ní kí n san àsansílẹ̀ fún oṣù Kejìlá. Mo ti san án.