Ṣọ́ọ̀bù bàbá onírédíò kásẹ́ẹ̀tì ní Òkèyínmi, Adó-Èkìtì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá rédíò kásẹ́ẹ̀tì ńlá ayé àtijọ́, àwọn Sharp, Sanyo àti National onísúpíkà méjì yẹn, ẹ dé ọ̀dọ̀ bàbá yìí kẹ́ ẹ tó náwó lórí Facebook. Ọjà yìí ti wọ́n o, torí àwọn tó ń rà á tún tà ti ń wọ ìgboro Èkìtì wá kó o, wọ́n á nù ún kó dán, wọ́n á ya fọ́tò ẹ̀, wọ́n á wá bu owó gọbọi lé e, bẹ́ẹ̀ wọn ò tiẹ̀ ki kásẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́ wò. Ó ń dùn mí gan-an.

Ti bàbá yàtọ̀. Mo rí Sanyo kan níbẹ̀, mo ní "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi ṣí i wò", wọn ò jiyàn, wọ́n tú ẹ̀yìn Sanyo yẹn lójú mi, bẹ́líìtì rọ́bà inú ẹ̀ tó ń yí kásẹ́ẹ̀tì ti yọ́ bí ọ̀dà, wọ́n fi spirit nu gbogbo ẹ̀ kúrò, wọ́n fi tuntun sí i, wọ́n nu ẹ́ẹ̀dì náà, irin kékeré tó ń ka kásẹ́ẹ̀tì, ni kásẹ́ẹ̀tì bá ń yí geere. Bẹ́líìtì yẹn ló sábà máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Sharp GF-777 kan wà níbẹ̀, èyí tó ń jẹ bátìrì ńlá 10, ọkàn mi fà sí i, àwọn fúnra wọn ló ní "Ọmọ mi, má gbé e, súpíkà ìsàlẹ̀ kan kì í ṣe ojúlówó." Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́?

Ṣọ́ọ̀bù yẹn há, eruku sì pọ̀. Ẹ mú kásẹ́ẹ̀tì àti bátìrì tiyín dání, torí iná kì í fi bẹ́ẹ̀ sí lọ́sàn-án.