Ṣáàtì ẹ́límẹ́ǹtì tó kọ bàbà bó ṣe yẹ

Ẹ̀yin olùkọ́ kẹ́mísìrì tó ń wá ṣáàtì tí ẹ máa gbé kọ́ ògiri lábù, ẹ kọ́kọ́ wo bàbà, ìyẹn kọ́pà, kí ẹ tó sanwó. Òun ni mo fi ń dán gbogbo wọn wò. Nọ́ńbà rẹ̀ ni 29, ìyẹn ni pé ẹlẹ́kitirọ́ọ̀nù 29 ló wà nínú átọ́ọ̀mù rẹ̀. Ẹni tó bá kàn ń to nǹkan lọ ní títò á kọ 2, 8, 17, 2, ìyẹn iye ẹlẹ́kitirọ́ọ̀nù tó wà ní ìpele kọ̀ọ̀kan láti inú bọ̀ síta. Irọ́ ni. 2, 8, 18, 1 ni: 3d, ìyẹn apá kan nínú ìpele kẹta, ti kún, ó pé mẹ́wàá, ẹyọ kan ṣoṣo ló sì kù sí 4s, ní ìpele kẹrin tó wà lóde jù.

Èyí tí mo rà ní Dùgbẹ̀ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo tún yẹ chromium wò: 2, 8, 13, 1. Ó pé. Àwọn méjèèjì yìí ni WAEC sábà máa ń fi mú ọmọ.

Ohun tó wù mí jù ni àwọn àpótí kéékèèké tí wọ́n yà láti orí scandium dé síǹkì, tí ọfà wà nínú wọn, ọfà kan fún ẹlẹ́kitirọ́ọ̀nù kan, òmíràn kọjú sókè, òmíràn kọjú sílẹ̀. Mo gbé ìgò kọ́pà sọ́féètì àti ti síǹkì sọ́féètì sórí tábìlì nísàlẹ̀ ṣáàtì. Èkíní búlúù, èkejì funfun. Ọmọ kan ní, "Mà, kí ló dé tí ti síǹkì ò ní àwọ̀?" Mo ní kó lọ ka ọfà. Bí bàbà bá ti yọ ẹlẹ́kitirọ́ọ̀nù méjì dànù, bó ṣe wà nínú kọ́pà sọ́féètì, mẹ́sàn-án ló kù nínú 3d rẹ̀. Àyè kan ṣí sílẹ̀ tí ẹlẹ́kitirọ́ọ̀nù lè fò bọ́ sí, ìmọ́lẹ̀ pupa ló sì ń gbé mì láti fi fò. Búlúù ló ń ṣẹ́kù fún ojú wa. Ti síǹkì ṣì pé mẹ́wàá, kò sáyè. Ọmọ náà ló fẹnu ara rẹ̀ parí àlàyé yẹn.

Irin ni wọn ò ṣe tán. Wọ́n kọ 2, 8, 14, 2, ó dáa, ṣùgbọ́n wọn ò fi bó ṣe ń di Fe²⁺ àti Fe³⁺ hàn, ìyẹn irin tó ti yọ ẹlẹ́kitirọ́ọ̀nù méjì tàbí mẹ́ta dànù. Láti inú 4s ni ẹlẹ́kitirọ́ọ̀nù ti kọ́kọ́ ń jáde, kì í ṣe 3d, ibẹ̀ gan-an làwọn ọmọ ti máa ń ṣì í. Mo fi máákà kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìlà àwọn lanthanide náà, ìyẹn ẹ́límẹ́ǹtì 57 dé 71, lẹ́tà ibẹ̀ kéré jù fún ẹni tó bá jókòó lẹ́yìn.

Láìlọ́ọ̀nù tí wọ́n fi bò ó nípọn dáadáa, a máa fi àkísà tútù nù ún. Mo ṣì máa ra òmíràn fún kíláàsì SS1.