Férémù CNC tí a fẹ́ fọwọ́ ara wa kọ́: ṣé ká jó irin ni, àbí ká ra alumíníọ́mù?

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń pè mí lórí CNC, ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí láti gé igi àti láti fín ọnà, ti ra spindle (mọ́tò tó ń yí abẹ tó ń gé), wọ́n ti ra mọ́tò tó ń gbé e rìn, wọ́n ti ra bọ́ọ̀dù tó ń darí wọn, kí wọ́n tó wá bi mí pé kí ni kí àwọn fi ṣe férémù. Wọ́n ti ra àga àti fáànù kí wọ́n tó wá ilé tí wọ́n máa kó o sí.

Mo ti lo méjèèjì. Èyí tí mo kọ́kọ́ kọ́, square pipe ni. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń ṣe wẹ́dà ládùúgbò wa n'Íbàdàn ló bá mi jó o. Èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù báyìí, alumíníọ́mù extrusion ni, irú èyí tó ní ihò gbọọrọ onílẹ́tà T lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí nọ́ọ̀tì ń wọ̀. Iṣẹ́ kan náà ni mò ń fi wọ́n ṣe: ọnà ara ilẹ̀kùn, lẹ́tà àkọlé, plywood fún kọ́bọ́ọ̀dù. Ibi tí wọ́n ti ń gé igi kò ju 600 sí 900 mílímítà lọ. Spindle 2.2 kW tí mo tú lára ti àkọ́kọ́ náà ni mo gbé sára èkejì, réèlì HGR20 kan náà, ọ̀pá irin tí afárá ń yọ̀ lórí rẹ̀, ni mo sì lò fún méjèèjì.

Èwo ló le jù?

Irin ni. Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín. Ìwọ̀n tí àwọn ẹnjiníà fi ń mọ bí nǹkan ṣe ń kọ̀ láti tẹ̀, irin ní nǹkan bí 200 GPa, alumíníọ́mù ní bíi 70. Ìlọ́po mẹ́ta nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irin náà wúwo tó ìlọ́po mẹ́ta.

Ohun tí kì í sábà wá sọ́kàn àwọn tó fẹ́ rà ni pé gígùn ọ̀pá àti bí ẹ ṣe gbé e kalẹ̀ máa ń ṣe ju ohun tí a fi ṣe é lọ. Ẹ sọ gígùn ọ̀pá kan di ìlọ́po méjì, bó ṣe ń tẹ̀ láàárín á di ìlọ́po mẹ́jọ. Ẹ gbé 4080 (extrusion tó jẹ́ mílímítà 40 ní ìhà kan, 80 ní ìhà kejì) dúró lórí ìhà rẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́ dípò kí ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, líle rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin, ẹ ò sì fi kọ́bọ̀ kún owó. Mo ti rí ẹni tó tẹ́ 4080 sílẹ̀ bí ẹní lábẹ́ spindle, tó wá ń pariwo kiri pé alumíníọ́mù rọ̀.

2020 ńkọ́? Igi ẹ̀gẹ́ ni. Ó dáa fún ẹ̀rọ atẹ̀wé 3D àti laser kékeré. Ẹ má gbé spindle 2.2 kW lé e lórí.

Èwo ló ń tọ́, tó sì ń tọ́ títí?

Ibí yìí ni owó mi gbà lọ, ẹ jẹ́ n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Ọjọ́ tí wọ́n jó férémù mi tán, inú mi dùn débi pé mo ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wẹ́dà gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lé e lórí, omi inú rẹ̀ dúró sáàárín gbáà. Ó ní, "Àbúrò, fọkàn balẹ̀. Irin kì í parọ́." Irin ò parọ́ lóòótọ́, àmọ́ géètì àti bọ́gílárì ni lẹ́fẹ́ẹ̀lì yẹn mọ̀. Géètì tó fi mílímítà mẹ́rin wọ́, ta ni yóò mọ̀?

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé. Ibi tí iná bá kàn lára irin máa yọ́. Tó bá ń tutù, á máa sún kì, á sì máa fa irin tó wà nítòsí mọ́ra. Tí wẹ́dà bá jó igun kan yípo tán kó tó bọ́ sí òmíràn, bí ti ẹ̀gbọ́n mi ṣe ṣe, igun àkọ́kọ́ ti fa gbogbo férémù síbi tó wù ú. Ohun tó yẹ ni kó kọ́kọ́ fi iná tọ́ gbogbo igun lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kó wọn ún láti igun dé igun tó dojú kọ ọ́, kó wá máa jó o díẹ̀díẹ̀, kó jó apá ibí, kó sọdá sí apá ọ̀hún. Kódà bó ṣe bẹ́ẹ̀, ó ṣì máa fà díẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ń fi irin ṣe ẹ̀rọ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ti férémù sínú ààrò tó gbóná tó nǹkan bí 600 lórí ìwọ̀n Celsius kí ara rẹ̀ lè rọ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá fi milling machine fá ibi tí réèlì máa jókòó. Ní àdúgbò wa, ààrò tó tóbi jù tí mo mọ̀, ti búrẹ́dì ni.

Okùn ni mo fi mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́, ẹ̀yin náà sì lè ṣe é láìná ju owó okùn lọ. Ẹ gbé ohun tó ga bákan náà sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èmi lo bátìrì kékeré mẹ́rin, irú tí a ń fi sí rìmóòtù. Ẹ na okùn tẹ́ẹ́rẹ́ láti igun dé igun kí méjèèjì sọdá ara wọn láàárín. Tí férémù bá tẹ́jú, wọ́n á kàn fẹnu kan ara wọn. Tí àlàfo bá wà, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ìyẹn ni igun kan fi ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ wá tún un ṣe, kí okùn tó wà nísàlẹ̀ bọ́ sókè, torí okùn tó bá gun èkejì lè bo àṣírí. Nínú tèmi, àlàfo náà jẹ́ mílímítà méjì. Mílímítà mẹ́rin, nígbà tí réèlì HGR20 ń bínú bí ó bá rí ìdá mẹ́wàá mílímítà kan.

Mo ní kò burú, mà á fi nǹkan há a. Réèlì yẹn ní ihò ní gbogbo 60 mílímítà. Tèmi jẹ́ 1200, ogún bóòtù lórí ọ̀kan, ogójì lórí méjèèjì. Mo kọ́kọ́ fi wọ́sà sí i. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé agolo mọ́ọ̀tì, torí ara agolo yẹn kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́wàá mílímítà lọ. Ìdí bóòtù kan wà tó jẹ́ agolo mẹ́sàn-án ló wà lábẹ́ rẹ̀ kí ó tó gbà. Bí mo bá mú ti ibí wálẹ̀, ti ọ̀hún á gbéra. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi kò mu nǹkan mìíràn ju mọ́ọ̀tì lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Mo gbìyànjú epoxy náà, gọ́ọ̀mù olómi tó ń gan bí òkúta. Wọ́n ní kí ẹ fi bèbè yí ojú irin ká, kí ẹ la ọ̀nà láàárín apá méjèèjì kí omi rẹ̀ lè bára dọ́gba, kí ẹ da epoxy sí i, kí ẹ jẹ́ kó fúnra rẹ̀ tẹ́. Ọ̀nà gidi ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tó bá rí epoxy tí kì í tètè gan. Tèmi, èyí tí wọ́n ń dà sórí tábìlì ni, ooru oṣù kẹta sì mú un gan kó tó délé. Etí rẹ̀ tún gbéra mọ́ bèbè bí ẹ̀kọ etí ìkòkò.

Níkẹyìn, afárá tó gbé spindle ń rìn. Ní ìpẹ̀kun kan, ìka kan ló ń tì í. Ní ìpẹ̀kun kejì, ó ń ránró, ó ń dún gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀. Mọ́tò stepper lásán ni mo ní, kò sí ohun tó ń sọ fún bọ́ọ̀dù pé mọ́tò ti fo ìṣísẹ̀. Bọ́ọ̀dù á rò pé òun wà níbi tó yẹ, spindle á sì ti wà níbòmíràn. Ọjọ́ tí èyí ṣẹlẹ̀, ọ̀gànwó tí oníbàárà fúnra rẹ̀ gbé wá ló wà lórí ẹ̀rọ, ilẹ̀kùn àbáwọlé. Ọnà apá òkè jókòó dáadáa. Apá ìsàlẹ̀ sún sí ọ̀tún tó ìbú ìka. Èmi ni mo ra ọ̀gànwó mìíràn.

Alumíníọ́mù ńkọ́? Mo to tèmi pọ̀, mo na okùn, ó lọ́! Àlàfo mílímítà kan àti díẹ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ rèé: mo dẹ bóòtù igun méjì, mo gbé férémù náà lé ojú gíláàsì onímílímítà mẹ́wàá tí mo rà lọ́wọ́ onígíláàsì, mo rọra tẹ̀ ẹ́ títí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi balẹ̀, mo dì í padà, mo tún na okùn. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni. Nígbà tí mo gbé e lé orí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó tún lọ́ díẹ̀, mo tún un ṣe kí n tó jẹun alẹ́. Agolo mọ́ọ̀tì wà lábẹ́ réèlì náà o, ibi mẹ́ta, torí ojú extrusion kò tẹ́jú bíi ti réèlì fúnra rẹ̀. Ẹ fi mẹ́ta wé ogójì.

Ẹ̀bi alumíníọ́mù

Bóòtù rẹ̀ ń dẹ̀. Spindle ń gbọ̀n, nọ́ọ̀tì T ń rìn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ dì í yíká; lẹ́yìn oṣù kan, ẹ tún dì í. Èmi kán gọ́ọ̀mù bóòtù aláwọ̀ búlúù sí gbogbo èyí tó wà lára afárá. Àwọn igun onílẹ́tà L tí wọ́n ń tà mọ́ ọn, ẹ má gbára lé wọn nìkan. Ihò tó wà láàárín 4040 jẹ́ mílímítà 6.8, táàpù M8, irin tó ń la ojú ìlà bóòtù sínú ihò, ló bá a mu. Ẹ la ojú rẹ̀, kí bóòtù gba ara ọ̀pá kejì wọ inú rẹ̀. Igun á di ọ̀kan.

Ọ̀pá tí a kò gé tọ́ náà ń dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ má fi ayùn ọwọ́ gé e. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe wíńdò, wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń gé 45 àti 90. Kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n gé tiyín, ẹ ní kí wọ́n gé àjákù kan, kí ẹ yí ìdajì rẹ̀ dojú dé, kí ẹ fi ẹnu méjèèjì kanra. Tí ìmọ́lẹ̀ bá yọ, ẹ ní kí wọ́n tún ẹ̀rọ wọn ṣe.

Ẹ̀yin tí wọ́n bá sọ fún pé pùrófáìlì wíńdò àti extrusion "bákan náà ni, alumíníọ́mù ni gbogbo wọn", ẹ máa lọ jẹ́jẹ́. Ọ̀rọ̀ ohun tí wọ́n fi rọ ọ́ kọ́. Ara ti wíńdò fẹ́lẹ́, inú rẹ̀ ṣófo, kò sì ní ihò T tí ẹ máa fi di nǹkan kan.

Rírà àti owó

Mi ò ní kọ iye náírà síbí, torí kí ẹ tó kà á tán ó ti yí. Irin ló dínwó, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Owódé Onírin l'Ékòó, ẹ ó rí gbogbo ìwọ̀n, àmọ́ ẹ mú vernier tí a fi ń wọn nínípọn dání, torí páìpù tí wọ́n pè ní mílímítà mẹ́ta lè má pé. Extrusion, ọ̀pọ̀ wa ń ra á láti Ṣáínà, owó kágò sì ń bá iye ọjà dọ́gba nígbà mìíràn. Ẹ ní kí wọ́n gé e sí ìwọ̀n yín níbẹ̀. Ẹ ra nọ́ọ̀tì lọ́wọ́ ẹni kan náà tó ta ọ̀pá: ti 20 jẹ́ ihò 6, ti 40 jẹ́ ihò 8, ti 45 jẹ́ ihò 10, wọn kì í wọra.

Tí ẹ bá ń ṣírò owó irin, ẹ fi ti ọ̀gànwó kún un.

Àwọn yòókù

Ìpata: irin nílò ọ̀dà, alumíníọ́mù kò bèèrè. Kíkó ẹrù: tí lándílọ́ọ̀dù bá lé yín, ọkùnrin mẹ́rin ló gbé ti irin mi, méjì gbé ti ìsinsìnyí. Ooru: alumíníọ́mù ń fẹ̀ tó ìlọ́po méjì irin, àmọ́ fún mítà kan tí ooru fi mẹ́wàá lé lórí ìwọ̀n Celsius, ìyàtọ̀ wọn kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́wàá mílímítà lọ, igi kò sì mọ̀. Ariwo: irin dákẹ́ jù.

Férémù plywood tàbí MDF? Òjò á wú u, ọyẹ́ á fà á. Ẹ fi kọ́ṣẹ́.

Èwo ni kí ẹ mú?

Tí ẹ bá fẹ́ máa gé irin, tàbí tí ẹ ní ẹni tó ní milling machine tó gba gbogbo gígùn férémù yín, tó sì fẹ́ràn yín débi pé á fún yín ní ọjọ́ kan gbáko, ẹ jó irin. Ẹ ò ní kábàámọ̀. Tó bá jẹ́ igi, plywood, acrylic àti alumíníọ́mù fẹ́lẹ́ ni, tí kò sì sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ nítòsí, ẹ ra 4040 fún ìsàlẹ̀, 4080 tó dúró fún ẹ̀gbẹ́, kí afárá má sì kéré sí 8080.

Mo gé orí férémù irin mi kúrò, mo tà á fún àwọn tó ń ra àlòkù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo mú kù, torí ẹsẹ̀ kò ní kó tọ́ bíi réèlì. Mo so bóòtù tó ń gbé e sókè sódò mọ́ ìdí rẹ̀, mo sì gbé alumíníọ́mù lé e. Ẹ̀gbọ́n wẹ́dà yà wá lóṣù tó kọjá. Ó fọwọ́ mi férémù náà lẹ́ẹ̀mejì, ó bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀, ó rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ṣèbí irin mi náà ló gbé e dúró."