Dovecot àbí Cyrus: èwo ló yẹ kí ọ́físì kékeré l'Ékòó gbé kalẹ̀ fún ímeèlì?

Àwọn tó ni ilé ìtẹ̀wé ní Ṣómólú àti àwọn agẹ́ńtì tó ń bá èèyàn gba ẹrù jáde ní Apapa ló ń bi mí ní ìbéèrè yìí jù. Wọ́n fẹ́ kí ímeèlì ilé-iṣẹ́ wọn wà lórí sáfà tiwọn, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú lẹ́tà fún gbogbo wọn, kí ọ̀gá tó wà ní Ìkòyí àti akọ̀wé tó jókòó sí ọ́físì máa rí lẹ́tà kan náà, kí èyí tí ọ̀kan ti kà má tún hàn lọ́dọ̀ èkejì bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Iṣẹ́ IMAP nìyẹn, ọ̀nà tí fóònù àti kọ̀ǹpútà fi ń ka lẹ́tà tó wà lórí sáfà. Ètò méjì tí wọ́n sábà máa ń dárúkọ fún wọn ni Dovecot àti Cyrus. Mo ti bójú tó Cyrus fún oníbàárà kan. Dovecot ni mò ń lò báyìí. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Orí kọ̀ǹpútà, dísìkì, inverter àti ẹni tó máa tún un ṣe lowó yín máa lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò jù lọ ni iná. Bí sáfà yín bá wà nínú ọ́físì ní Yábàá tàbí Sùúrùlérè, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí iná máa lọ, tí bátìrì á ti tán, tí jẹnẹrétọ̀ ò sì ní dáhùn. Sáfà á kú lójijì níbi tó ti ń kọ lẹ́tà sílẹ̀ lọ́wọ́. Bí iná bá dé padà, ṣé ó máa dìde fúnra rẹ̀, àbí ẹ máa wá èèyàn lọ?

Yunifásítì Carnegie Mellon ní Pittsburgh ni Cyrus ti wá, wọ́n sì ṣe é fún èrò rẹpẹtẹ. Ìdí nìyẹn tó fi ń kó orúkọ gbogbo àpótí lẹ́tà sínú fáìlì kan ṣoṣo, mailboxes.db. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní fáìlì tirẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àmì pé wọ́n ti kà á tàbí pé wọ́n ti dáhùn ò sí lára rẹ̀, inú cyrus.index ló wà. Bí mailboxes.db bá bàjẹ́, lẹ́tà yín ṣì wà lórí dísìkì, Cyrus ni ò ní mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀. Ìlà `ctl_cyrusdb -r` tó wà nínú cyrus.conf máa ń gbìyànjú àtúnṣe bí sáfà bá ń dìde, ó sì máa ń ṣe é dáadáa lọ́pọ̀ ìgbà.

Lọ́dọ̀ oníbàárà mi, kò ṣe é. Ẹni tó ta inverter fún wọn ti búra pé bátìrì máa gbé sáfà di àárọ̀. Kò gbé e. Nígbà tí iná dé, Cyrus dìde, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rí àpótí rẹ̀. Ẹni tó gbé sáfà náà kalẹ̀ kí n tó débẹ̀ kò fi `ctl_mboxlist -d` sínú cron, ètò tó ń ṣe iṣẹ́ fúnra rẹ̀ lásìkò. Àṣẹ yẹn ló ń kọ orúkọ àwọn àpótí sínú fáìlì lásán tí èèyàn lè dá padà. Ọwọ́ la fi to orúkọ àpótí jọ padà, ká tó wá ṣe `reconstruct`, àṣẹ tó ń tún àkọsílẹ̀ àpótí kọ, fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo lẹ́tà padà wá. Àmì ni kò padà, torí cyrus.index àwọn fóldà kan ti bàjẹ́ pẹ̀lú. Lẹ́tà tí wọ́n ti dáhùn láti ọ̀pọ̀ oṣù sẹ́yìn tún hàn bíi tuntun. Fún agẹ́ńtì tó ní ẹrù lórí omi, ìyà ńlá nìyẹn: akọ̀wé wọn ò mọ ìwé tó ti fi ránṣẹ́ yàtọ̀ sí èyí tí kò tíì fi ránṣẹ́ mọ́.

Ẹ wá wo Dovecot bí ẹ bá gbé e lé Maildir, ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń to lẹ́tà sórí dísìkì. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní fáìlì tirẹ̀, orúkọ fáìlì náà ló sì gbé àmì dání. Ẹ ṣí fóldà cur, ẹ máa rí orúkọ gígùn tó parí sí `:2,S`. S yẹn ni pé wọ́n ti kà á. Bí wọ́n bá ti dáhùn, ó di `:2,RS`. Bí iná bá ba dovecot.index, àkọsílẹ̀ tí Dovecot ń ṣe nípa àpótí, jẹ́, Dovecot á tún un kọ láti ara àwọn fáìlì yìí, àmì á sì wà níbi tó wà. Ẹ kàn ṣọ́ fáìlì dovecot-uidlist, tó ń tọ́jú nọ́ńbà lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bí ìyẹn bá sọnù, gbogbo fóònù àti kọ̀ǹpútà máa tún gba lẹ́tà wálẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ilé ìtẹ̀wé tí oníbàárà ń fi àwòrán ńláńlá ránṣẹ́ sí á sì mọ̀ ọ́n lára dátà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni torí kó lè yá ṣe `mail_fsync = never`, tí kì í jẹ́ kí sáfà dúró kí lẹ́tà dé orí dísìkì ná. Ẹ má sì gbà kí wọ́n fi mdbox, ọ̀nà ìto-lẹ́tà mìíràn, rọ́pò Maildir, torí inú index nìkan ni mdbox ń kó àmì sí.

Àwọn ìyókù ò le tó bẹ́ẹ̀. Bí sáfà bá wà níta ọ́físì, tí gbogbo yín ń gba ráútà kan, tí ẹ sì jọ ń lo àpótí kan bí info, Dovecot ò ní gba ju ìsopọ̀ 10 lọ fún orúkọ kan láti àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì kan. Thunderbird kan, ètò tí wọ́n fi ń ka ímeèlì lórí kọ̀ǹpútà, lè ṣí 5, kọ̀ǹpútà méjì ti kún un nìyẹn. Ẹ gbé `mail_max_userip_connections` sókè.

Dovecot 2.4, tó jáde ní 2025, kò ka fáìlì ìṣètò 2.3. `mail_location` ti di `mail_driver` àti `mail_path`, `dovecot_config_version` ló sì gbọ́dọ̀ ṣáájú nínú fáìlì. Debian 13, irú Linux kan tí wọ́n máa ń gbé sórí sáfà, ti gbé 2.4 wá, nítorí náà ẹ má kàn da ìṣètò àtijọ́ kọ.

Cyrus ní kàlẹ́ńdà àti ìwé nọ́ńbà nínú, ó sì lè kọ ẹ̀dà ara rẹ̀ sórí sáfà kejì. Dovecot ọ̀fẹ́ ti yọ ètò tó ń kọ ẹ̀dà fúnra rẹ̀ sórí sáfà kejì kúrò ní 2.4.

Ní ti ibi tí ẹ máa gbé e sí: nígbà tí okùn abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan ní 14 oṣù Kẹta 2024, íntánẹ́ẹ̀tì ṣòro fún ọ̀pọ̀ èèyàn l'Ékòó. Ẹni tí sáfà rẹ̀ wà nínú ọ́físì ṣì lè ka lẹ́tà tó ti wọlé. Ẹni tí tirẹ̀ wà ní Jámánì ò lè fọwọ́ sọ̀yà.

Bí ẹ bá ní ẹ́ńjínnìà tó ń wá lójoojúmọ́, tí sáfà yín sì wà níbi tí iná kì í ti í lọ, Cyrus máa ṣe yín lóore. Fún ọ́físì tí ọmọ akọ̀wé kan ló ń tan kọ̀ǹpútà láàárọ̀, Dovecot àti Maildir ni mò ń gbé kalẹ̀. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, kí ẹ tó san owó tó kù, kí ẹ sì tó kó lẹ́tà gidi sí i, ẹ ní kí ẹni tó gbé e kalẹ̀ fi lẹ́tà ìdánwò ránṣẹ́ lọ́tùn-ún lósì, kó fa wáyà iná sáfà yọ lójú yín, kó tún kì í bọ̀ ọ́, kó má sì fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́ títí ẹ ó fi ṣí àpótí yín lórí fóònù.