Geocaching láti Ìbàdàn: eré tó dùn, àmọ́ tí kì í dárúkọ ẹni tó tú àdììtú

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún Geocaching. Ìfẹ́ tí mo ní sí i ju ìyẹn lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí, kí ẹ lè mọ ibi tí ìràwọ̀ méjì yòókù gbà lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ kò bá gbọ́ nípa rẹ̀ rí, eré ìwákiri ni. Ẹnì kan á fi àpótí kékeré kan pamọ́ síbì kan, á gbé nọ́ńbà GPS ibẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí ẹ̀rọ fi ń tọ́ka sí ibi tí nǹkan wà láyé, sórí ìkànnì. Ẹlòmíràn á fi fóònù wá a débẹ̀, á kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé tó wà nínú àpótí náà, á dá a padà síbi tó ti bá a, á wá lọ tẹ Found it lórí ìkànnì. Ọdún 2000 ló bẹ̀rẹ̀. Kó tó dìgbà yẹn, ṣe ni ìjọba Amẹ́ríkà mọ̀ọ́mọ̀ ń da GPS tí aráàlú ń lò rú, tó fi jẹ́ pé ibi tí ẹ̀rọ bá tọ́ka sí lè fi nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mítà jìnnà sí ibi tí èèyàn dúró sí gan-an. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún ọdún náà ni Ààrẹ Bill Clinton ní kí wọ́n jáwọ́ nínú rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta oṣù yẹn, Dave Ulmer gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kan pamọ́ sínú igbó nítòsí Beavercreek ní ìpínlẹ̀ Oregon, ó ní kí ẹni tó bá ní GPS wá a wá. Sọ́féyọ̀ ni mí, Dùgbẹ̀ ni ọ́fíìsì wa wà, àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ ìwọnlẹ̀ kò sì lè gbàgbé ọdún yẹn, torí láti ìgbà náà la ti lè fi GPS àfọwọ́dìmú wá píláà tó sọnù sínú igbó. Lónìí, àpótí tó wà káàkiri ayé ti ju mílíọ̀nù mẹ́ta lọ. Geocaching HQ tó wà ní Seattle ló ń bójú tó ìkànnì àti áàpù rẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni Mystery, àwọn tó ní àmì ìbéèrè aláwọ̀ búlúù lórí máàpù. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ síbẹ̀ kì í ṣe ti ibi tí àpótí wà. Àdììtú ni ẹni tó ni àpótí gbé kalẹ̀, ìgbà tó o bá tú u ni nọ́ńbà gidi máa jáde. Ó lè jẹ́ sudoku, ìyẹn eré títo nọ́ńbà, ó lè jẹ́ Morse, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi àmì tó-tò-tó àti ìlà kọ, ó lè jẹ́ ìwé àwọn afọ́jú, ó lè jẹ́ àwòrán kan ṣoṣo tí kò sí ọ̀rọ̀ kankan lábẹ́ rẹ̀. Kódà ìtọ́nisọ́nà kékeré tó máa ń wà nísàlẹ̀ ojú ìwé, wọ́n á ti fi ROT13 yí i: A á di N, B á di O, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọdé lè tú ìyẹn. Àmọ́ àwọn tí wọ́n bá fún ní 5 lórí ìṣòro, èèyàn lè sùn tì í kó sì jí bá a bó ṣe wà.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀kan. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí ẹni tó bá ń ṣe eré yìí kì í tú àṣírí àdììtú fún ẹlòmíràn. London ló wà. Ìtàn awòràwọ̀ kan ni wọ́n kọ síbẹ̀, tó dúró ní Greenwich lórí ìlà òdo, èyí tí wọ́n ti ń ka ayé lọ sí ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn, tó sì ka ìṣísẹ̀ rẹ̀ lọ sí ìhà ìlà oòrùn. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ìṣirò rẹ̀ láti òdo, ìdáhùn rẹ̀ kò ní gbà láéláé. Ìlà tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ ní Greenwich, èyí tí àwọn àlejò máa ń fi ẹsẹ̀ kan sí ọ̀tún rẹ̀, ọ̀kan sí òsì, tí wọ́n á ya fọ́tò, kì í ṣe ibẹ̀ ni òdo GPS wà. Nǹkan bí 102 mítà sí ìhà ìlà oòrùn rẹ̀ ni òdo GPS wà. Ọdún 1851 ni awò ńlá tí George Airy, àgbà awòràwọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ìlà tirẹ̀. Ibi tí òòfà ilẹ̀ Greenwich bá fa nǹkan sí ni wọ́n gbà pé ó jẹ́ ìsàlẹ̀ gan-an, òòfà ibẹ̀ sì fì díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ti GPS, láti àárín gbùngbùn ayé ló ti ń wọn tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò ṣàjèjì sí sọ́féyọ̀ Nàìjíríà. Orí ìwọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ láti Minna ni wọ́n ti ya àwọn máàpù wa àtijọ́, ìwọ̀n mìíràn tó ń jẹ́ WGS84 ni GPS ń lò. Ẹni tó bá gbé nọ́ńbà Minna sínú GPS láì yí i padà, á fi nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mítà ṣìnà, orí ilẹ̀ onílẹ̀ ni yóò sì ti máa ri píláà. Mo ti rí ẹjọ́ tí irú ẹ̀ dá sílẹ̀ lọ́nà Mọ́níyà. Torí náà, bí mo ṣe ka ìtàn awòràwọ̀ yẹn tán, ibẹ̀ lọkàn mi lọ tààrà. Mo fi 102 mítà tún un ṣe, mo tẹ nọ́ńbà tó jáde sí ibi àyẹ̀wò ìdáhùn lórí ojú ìwé náà, ó sì ní ó tọ̀nà.

Ìyá Ìbejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Olùkọ́ ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, kẹ̀kẹ́ arọ ni wọ́n fi ń rìn, Agodi ni ilé wọn wà. Ibẹ̀ la ti máa ń tú àdììtú lẹ́yìn iṣẹ́.

“Sọ́féyọ̀, ṣé ó ti gbà?”

“Ó ti gbà, mà.”

“Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí wọ́n máa kọ orúkọ wa sí.”

Kò síbi tí wọ́n máa kọ ọ́ sí. Nǹkan kan ṣoṣo ló yí padà: àmì ìbéèrè búlúù yẹn di àjákù àwòrán lórí máàpù tèmi, ẹlòmíràn kò sì lè rí i. Iye àpótí tí mo ti rí dúró síbi tó wà. Bí ìkànnì náà ṣe rí nìyẹn fún gbogbo èèyàn, kì í ṣe fún èmi nìkan. Ohun tí wọ́n ń kà ni àpótí tí o fọwọ́ kàn, tí o sì kọ orúkọ sínú ìwé rẹ̀. Ìyẹn tọ́, mo fara mọ́ ọn délẹ̀. Ẹni tó gun òkè, tó ti inú ẹrẹ̀ jáde, tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí àpótí, òun ló ni Found it, mi ò sì fẹ́ bá a pín in.

Ohun tó ń dùn mí ni apá kejì òfin náà. Ẹni tí kò tú nǹkan kan, tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kàn fún ní nọ́ńbà, tàbí tó tẹ̀ lé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ débẹ̀, tó bá ti kọ orúkọ sínú ìwé inú àpótí báyìí, ó ti rí i nìyẹn, ẹni tó ni àpótí kò sì lè tìtorí pé kò tú àdììtú kó pa àkọsílẹ̀ rẹ̀ rẹ́. Favourite Point tí wọ́n fi ń yin àdììtú tó dára ń kọ́? Ẹni tó rí àpótí nìkan ló lè fún un. Ìyẹn ni pé ẹni tí kò ka ìtàn awòràwọ̀ yẹn rárá lè yìn ín, àwa tí a tú u délẹ̀ kò lè yìn ín. Àdììtú ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè, àdììtú ni wọ́n díwọ̀n láti 1 dé 5, kí ló wá dé tí ẹni tó tú u kò fi sí nínú ìwé kankan?

Ẹ wo bí a ṣe ń ṣe é nídìí àlọ́. Òkun ń hó yee, ọ̀sà ń hó yee, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́: ọmọ tó bá dáhùn pé orógùn ni, ojú ẹsẹ̀ ni gbogbo agbo máa pariwo pé ó gbà á. Kò sẹ́ni tó máa ní kó kọ́kọ́ lọ gbé orógùn wá láti ilé ìdáná ká tó mọ̀ pé ó gbọ́n.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn pọ̀. Wọ́n tún ń fi 1 dé 5 díwọ̀n bí ilẹ̀ ibi tí àpótí wà ṣe le tó. Ìlànà ìkànnì náà ni pé àpótí tí ilẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ 1, ẹni tó wà nínú kẹ̀kẹ́ arọ gbọ́dọ̀ lè débẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyẹn bá di 3, tàbí 4, Ìyá Ìbejì kò lè débẹ̀, ìbáà jẹ́ ẹ̀yìn ilé wọn ló wà. Orí wọn sì ń tú àdììtú tí àwọn géńdé tó lẹ́sẹ̀ méjì sá fún. Èmi tí ẹsẹ̀ mi le, físà ń kọ́, owó ọkọ̀ òfuurufú ń kọ́? Àwọn àdììtú tó dùn jù tí mo ti bá pàdé, ilẹ̀ Jámánì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n wà. Àpótí tó wà nítòsí wa níbí kò tó nǹkan. Ẹni tó bá wà ní Ìbàdàn tó sì fẹ́ràn àdììtú, ti òkèèrè ló máa tú, kò sì ní lè fọwọ́ kan àpótí náà.

Ọgbọ́n tí a ń dá báyìí ni Write note, ìyẹn àkọsílẹ̀ lásán tí kì í ka nǹkan kan síni lọ́rùn. A ó kọ ọ́ pé a ti tú u, a ó kí ẹni tó ṣe é, a kò ní sọ bí a ṣe tú u. Àwọn kan máa ń gbà á tìdùnnú tìdùnnú. Ẹnì kan ní Jámánì kọ̀wé padà sí wa pé àdììtú òun ti wà níbẹ̀ tipẹ́, pé ṣe lòun rò pé kò sẹ́ni tó ń kà á, ó sì fi orúkọ tí àwa méjèèjì ń jẹ́ nínú eré náà sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé rẹ̀, lábẹ́ àwọn tó tú u. Ìyá Ìbejì ní kí n tẹ ojú ìwé náà jáde fún wọn, ara ògiri pálọ̀ wọn ló wà báyìí. Ẹlòmíràn tiẹ̀ wà tó pa àkọsílẹ̀ wa rẹ́, tó ní àwọn tó bá wá síbẹ̀ nìkan ni kí wọ́n máa kọ nǹkan. Àṣẹ ojú ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí gan-an nìyẹn tí kò fi yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí wà lọ́wọ́ inú rere ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ó ṣeé ṣe, torí àwọn mìíràn ń ṣe é. Jigidi, ìkànnì ilẹ̀ Denmark tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe àdììtú máa ń fi àwòrán àjákù wọn sí, bí o bá ti to àwòrán náà tán, orúkọ rẹ àti àkókò tó o lò á jáde níbẹ̀ kí gbogbo èèyàn lè rí i. Ìkínni kékeré ni, àmọ́ ó tó.

Ohun tí mo fẹ́ kò le. Kí wọ́n ṣe bọ́tìnnì kan sí ẹ̀gbẹ́ Found it: Mo ti tú u. Kó má ṣí àyàfi tí nọ́ńbà rẹ bá ti gbà níbi àyẹ̀wò. Kó má ṣe fi ẹyọ kan kún iye àpótí ẹnikẹ́ni. Kó kàn gbé orúkọ ẹni náà sójú ìwé, kí ẹni tó ṣe àdììtú sì gbọ́ sí i. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní àwọn onímàgòmágó á máa ta ìdáhùn fún ara wọn. Wọ́n ti ń fún ara wọn ní nọ́ńbà láti lọ rí àpótí, wọn ò sì torí ẹ̀ pa Found it rẹ́. Ẹ̀rù mìíràn tí mo ti gbọ́ ni pé àwọn èèyàn kò ní jáde nílé mọ́. Ẹni tó lè jáde á jáde, torí bọ́tìnnì yìí kò ní fún un ní ohun tó ń wá.

Ní ti bí iṣẹ́ náà ṣe ń rìn, mi ò ní ẹ̀sùn. Ojú ìwé rẹ̀ kì í jẹ dátà púpọ̀. Lálẹ́ tí kò síná, mo máa ń tẹ àdììtú sórí ìwé kí n tó kúrò ní ọ́fíìsì, ká lè fi bírò ṣe é lábẹ́ àtùpà. Ẹni tó ń lò ó lọ́fẹ̀ẹ́ kó má gbára lé áàpù, torí ọ̀pọ̀ àdììtú ni áàpù kì í ṣí fún ẹni tí kò sanwó. Kó gba orí ìkànnì wọlé, á rí púpọ̀ sí i níbẹ̀.

Èmi àti Ìyá Ìbejì ti ń ṣe tiwa lọ́wọ́. Ibi mẹ́ta la fi ṣe é: Mápó, tí wọ́n kọ́ ní 1929, ilé ìṣọ́ Bower lórí òkè, ti 1936, àti Cocoa House, Ilé Awòṣífìlà, tó parí ní 1965. Ẹni tó bá mọ igun tó wà láàárín ọ̀kan sí èkejì láti ibi tó dúró sí lè ṣírò ibẹ̀ gan-an, a kò sì ní fún wọn ju igun méjì lọ. Àwọn tó bá rí àpótí náà á kọ orúkọ sínú ìwé rẹ̀. Àwọn tó bá tú u láti ibikíbi láyé, kí wọ́n kọ̀wé sí wa, a ó to orúkọ wọn sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé ní bí wọ́n ṣe ń wọlé.